Ìgò Ọtí Inú Àpótí Ládàánì

Ọtí tó pa ọkọ mi kò kan ètè rẹ̀ rí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí ná, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wojú mi bí ẹni tó ti gbọ́ ìtàn náà níbòmíràn. Sàláwù ni orúkọ ọkọ mi. Télọ̀ ni, òun sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ọ̀fà, òun ló ń pe ìrun. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, n kò rí i kó mu ohun tó le ju omi àti ẹ̀kọ lọ. Bí mo bá ń parọ́, kí Ọlọ́run tó gba ẹ̀mí rẹ̀ bi mí léèrè.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ni oníbàárà rẹ̀ jù lọ, àwọn tó ń rán kakí, tí wọ́n máa ń ní kó fi àyè sílẹ̀ níbàdí ṣòkòtò nítorí ọjọ́ ọ̀la. Nínú wọn ni Adétóyè wà. Akọ̀wé ni Adétóyè níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù sílẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọkùnrin gíga tó máa ń wọ kóòtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ooru tí ewúrẹ́ ń sá sábẹ́ igi. Ó wá rán ṣòkòtò kan, ó jókòó, ọ̀rọ̀ wọ̀, kò sì dìde nídìí ọkọ mi mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n jà. Lọ́jọ́ Kérésì, ìrẹsì wọn ń wọlé wa kí àwọn fúnra wọn tó jẹun. Lọ́jọ́ Iléyá, itan àgbò wa kan, ti Adétóyè ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí gìrì mú Àbẹ̀ní, ọmọ wa kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìn tí méjì ti lọ, kò sí ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Adétóyè ló gbé ọmọ náà mọ́ra wọ ọkọ̀ ẹrù, ó jókòó sáàárín àpò iyọ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀ títí wọ́n fi dé ọsibítù. Ọmọ náà yè. Láti ìgbà náà, bí Adétóyè bá ní kí ọkọ mi gbé òkúta mì, omi nìkan ni yóò béèrè.

Òyìnbó kan wà ní rélùwéè nígbà náà, Mísítà Rọ́ọ̀sì, ẹlẹ́rọ tó ń tọ́jú àwọn afárá. Ará Sìkọ́tíláǹdì ni, bí o bá sì pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, á bínú títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Ó fẹ́ràn Adétóyè, nítorí pé nígbà tí ibà dá a wólẹ̀ tó ń sọ ìsọkúsọ, Adétóyè ló dúró tì í. Nígbà tó ń padà sílé ní 1957, ó pe Adétóyè sílé, ó gbé ìgò kan jáde. Ìgò dúdú ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi òjé dì í lẹ́nu. Wísíkì ni. Ó ní ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n ni bàbá òun ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó, pé ọkà bálì nìkan ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, wọn kì í fi ohun mìíràn lù ú, wọ́n á sì fi sínú àgbá onígi, á wà níbẹ̀ títí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà á fi tó ìyàwó í gbé. Ṣùgbọ́n ilé ìpọntí náà ti kógbá sílé. Wọ́n ti tú àwọn ìkòkò bàbà rẹ̀ tà, òrùlé rẹ̀ ti jìn.

"Èyí tó kù láyé ló kù," ni òyìnbó náà wí. "Kò sẹ́ni tó lè pọn òmíràn mọ́. Ọjọ́ ayọ̀ tí kò ní wáyé lẹ́ẹ̀mejì ni kí o ṣí i."

Ọjọ́ ayọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Adétóyè. Olúyẹmí, ọmọkùnrin rẹ̀, ti wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ìlú òyìnbó lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin. Ọjọ́ tí Olúyẹmí bá dé ni ìgò yóò ṣí. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò tọ́jú rẹ̀ sí di ọjọ́ náà? Gbádé, àbúrò rẹ̀, ń bá a gbé, Gbádé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá da ọtí sínú fìtílà, yóò fa òwú rẹ̀ mu. Adétóyè pàápàá kò fọkàn tán ara rẹ̀. A kì í fi ẹran sílẹ̀ fún ajá ṣọ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá rò ó kan ilé wa. Ilé ládàánì, ta ni yóò wá ọtí lọ síbẹ̀? Ọgbọ́n ni lóòótọ́. Ọgbọ́n náà ló sì sin ọkọ mi.

Ó gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi aṣọ fúlánẹ́ẹ̀lì pupa wé e bí ọmọ tuntun. Kò parọ́ fún wa, mo gbà fún un níbi ìyẹn.

"Sàláwù, ọtí ni o. Wísíkì ni. Bá mi tọ́jú ẹ̀ títí Olúyẹmí á fi dé."

Ọkọ mi fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Adétóyè, o mọ̀ pé nínú ẹ̀sìn tiwa, kì í ṣe ẹni tó mu ọtí nìkan ni ègún wà fún. Ẹni tó bá a gbé e náà ń bẹ níbẹ̀."

"Mi ò ní kó o mu ún. Mi ò ní kó o tà á. Àmánà ni mo ní kó o gbà lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ń wí i pé ohun tí wọ́n bá fi síkàáwọ́ ẹni, ẹni ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀?"

Ọkọ mi wò mí. Èmi náà wo Àbẹ̀ní, tó ń fi àjákù aṣọ ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án," ni ọkọ mi wí níkẹyìn. "Ìwọ fúnra ẹ ni kó o gbé e síbi tó o bá fẹ́. Mi ò sì ní wò ó títí o ó fi wá gbé e."

Àpótí páànù kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Adétóyè fà á jáde, ó gbé ìgò náà nàró sínú rẹ̀, ìdérí kò pa dé. Ó wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ó fi àjákù aṣọ há a lọ́tùn-ún lósì kó má baà máa yí, ó fi àgádágodo tì í, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé ọkọ mi lọ́wọ́, nítorí pé bí kọ́kọ́rọ́ bá wà nílé tirẹ̀, Gbádé yóò rí i. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ́ ìgò náà. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i. Ọkọ mi kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni pé obìnrin ló ń wẹ̀ níbẹ̀.

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn òyìnbó kó ìjọba wọn lọ, a gba òmìnira, wọ́n ta àsíá tuntun sí ibùdókọ̀, ọkọ mi kò ṣí àpótí yẹn rí. Páànù ni wọ́n fi kan òrùlé yàrá náà, kò sì ní àjà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí o bá fọwọ́ kan àpótí náà lọ́sàn-án, wàá yára fa ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Nígbà tó yá, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú yàrá, ó dùn díẹ̀, ó ta díẹ̀, bí ọsàn tó ń bàjẹ́. Ta ni yóò dá a mọ̀ nínú wa? Èmi kò mu ọtí rí, òun kò mu ọtí rí. A rò pé eku kú síbì kan. Mo gbá abẹ́ ibùsùn, mo fọ ilẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, mo ra kàfúrà, mo há a sáàárín aṣọ ọkọ mi. Òórùn náà kò lọ. Aṣọ inú yàrá yẹn ló ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Àwọn kan wà ní mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti mọ òórùn ọtí dáadáa kí wọ́n tó túúbá. Wọ́n gbọ́ ọ lára rẹ̀. Wọn kò sọ fún un, ara wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Títí di òní ni mo ń bínú sí wọn, mo sì ń bínú sí wọn ju Adétóyè lọ. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní, "Ládàánì, kí ló ń rùn lára yín?" à bá ti ránṣẹ́ sí Adétóyè kó wá wo ìgò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ènìyàn láti mọ ohun tí ẹni tó wà níwájú kò mọ̀ nípa ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Adétóyè ní tirẹ̀ ń fi ìgò náà yangàn. Kò sí ìkómọ, kò sí ìṣílé tí kò ti ní sọ̀rọ̀ ọtí tí ilé tí wọ́n ti pọn ọ́n ti wó. Wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní Ìjàgbó, wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní Òjòkú. Nítorí náà, nígbà tí Olúyẹmí dé ní 1963 pẹ̀lú wíìgì amòfin nínú àpótí, kì í ṣe amòfin nìkan ni àwọn ènìyàn wá wò. Pálọ̀ Adétóyè kún fọ́fọ́: pásítọ̀, àwọn tíṣà, àwọn ọ̀gá rélùwéè, àwọn àgbà ìdílé. Èmi àti Evelyn, ìyàwó Adétóyè, ń gbé àwo ìrẹsì wọlé.

Adétóyè kò lè fi àlejò sílẹ̀ wá gbé e, ọkọ mi ló so àpótí náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó tì í wá láti ilé wa pẹ̀lú ọwọ́, kò gùn ún, nítorí kí ó má baà gbọ̀n. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Adétóyè, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún un, ó sì padà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò fẹ́ jókòó sídìí ọtí. Mo rí ojú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó gbé ẹrù dé ilé ni.

Adétóyè ṣí àpótí. Òórùn náà jáde, àwọn àlejò pariwo, "Háà, ó ti ń ké sí wa!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kán an lójú. Kò tilẹ̀ tú aṣọ ara ìgò tán tó fi ya òjé ẹnu rẹ̀ sọnù. Ó fi irin ṣí i, kọ́ọ̀kì náà kò jáde lódindi, ó rún wómúwómú, ìdajì bọ́ sínú ìgò. Ó da ti Olúyẹmí sínú gíláàsì, ó da ti pásítọ̀. Ó yí ìgò sí ti ẹnì kẹta, ó kán tó, ó kán tó, ó dá.

Adétóyè mi ìgò náà létí ara rẹ̀. Olúyẹmí tọ́ ti inú gíláàsì rẹ̀ wò, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń tijú fún bàbá rẹ̀.

"Dádì, ó dà bí omi."

Gbádé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti mu bíà díẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. "Ẹ ò mọ̀ ni? Ládàánì ti ń fi í rẹ ọ̀fun! Ṣebí ẹ̀yin náà ń gbọ́ bí ohùn wọn ṣe máa ń dùn láàárọ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n tún rín in. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì í. Adétóyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú ti ti í níwájú gbogbo ayé, ojú títì náà sì ń wá ibi tí yóò bà sí.

"Sàláwù, ta ló mu ọtí mi?"

"Kò sẹ́ni tó mu ún."

"Ọwọ́ ẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Ọwọ́ mi ló wà. Mi ò ṣí i rí."

"Ṣé ọtí lẹ́sẹ̀ ni? Ṣé ó rìn jáde nínú àpótí tí wọ́n tì? O mu ún, o wá bomi là á." Ó gbé ìgò náà sókè. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé ọ̀fun ń gbẹ ọ́? Ọtí kún ọjà, ǹ bá rà á fún ẹ. Èyí nìkan ni kò sí mọ́ láyé!"

"Adétóyè, ẹ gbé Kùránì wá, màá búra."

"Ìbúra ọ̀mùtí," ni Adétóyè wí.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Mo ju àwo tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá Olúyẹmí, ọkọ mi lẹ sọ ọ́ sí? Ẹni tó ń fọ ọwọ́ bí aṣọ rẹ̀ bá kan àpótí ìgò yín lábẹ́ ibùsùn?" Evelyn di mí mú. Ọkọ mi kò bínú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó kàn ní, "Ràfátù, jẹ́ ká máa lọ sílé." A rìn gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọjá, kò sọ gbólóhùn kan títí a fi délé. Ó gbàgbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Ìròyìn ti dé mọ́ṣáláṣí kí wọ́n tó kí ìrun alẹ́. Àwọn tó ti ń gbọ́ òórùn wá rí ẹnu sọ. Lèmọ́mù pè é, àwọn àgbà jókòó yí i ká. Ṣé ọtí wà nílé rẹ̀? Ó ní ó wà. Ṣé ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀? Ó ní ó pẹ́. Ṣé ó mọ̀ pé ọtí ni? Ó ní òun mọ̀. Ṣé ó mu ún? Ó ní rárá. Wọ́n gba gbogbo èyí tó kọ́kọ́ sọ gbọ́, wọn kò gba èyí tó kẹ́yìn gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ ni, ṣé kò ní ti ìbẹ̀rẹ̀ parọ́?

Wọn kò lé e. Àwọn àgbà wa kì í lé ènìyàn. "Ẹ sinmi díẹ̀, Ládàánì," ni Lèmọ́mù wí, "ẹ jẹ́ kí Kamaldeen bá yín máa pè é fún ìgbà díẹ̀ ná." Kamaldeen, tí ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Mọ́ṣáláṣí náà dojú kọ fèrèsé wa. Láràárọ̀, ọkọ mi ń jí ní àkókò tó ti ń jí láti ọjọ́ pípẹ́, yóò ṣe àlùwàlá, yóò dúró sí àgbàlá pẹ̀lú ọwọ́ létí. Bí Kamaldeen bá bẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ yóò máa mì tẹ̀ lé e, kò ní jẹ́ kí ohùn jáde. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Àárẹ̀ ọkàn tó mú mi ní àwọn àárọ̀ náà, n kò fẹ́ kó bá ọ̀tá mi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, kó padà máa pe ìrun kó tó kú. Kò béèrè pé kí Adétóyè tọrọ àforíjì, kò béèrè ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ àyàfi bí Adétóyè bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Mo lọ bá a ní ilé rẹ̀. Ó gbé àga fún mi, kò lè wojú mi.

"Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ ní kó jẹ́wọ́. Kó kàn jẹ́wọ́ fún mi, èmi àti ẹ̀ nìkan, màá dárí jì í, màá sì lọ bá Lèmọ́mù."

"Kí ló fẹ́ jẹ́wọ́?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbà pé idán ni?"

Mo pòṣé, mo sì jáde. Ìgò òfìfo náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ nígbà náà, ó gbé e síbẹ̀ bí ẹni tó gbé àwòrán òkú.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, ibà pọ́njú mú ọkọ mi. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró, ikùn rẹ̀ ń wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Mo mú un lọ sí ọsibítù. A jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, dókítà tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó sì bi mí, kò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá, "Ṣé ó máa ń mu ọtí púpọ̀?" Ìbéèrè tí wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá ní irú àìsàn yẹn ni. Dókítà náà kò mọ̀ wá rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì mọ̀ wá. Kí a tó délé, ó ti kárí àdúgbò pé dókítà fúnra rẹ̀ ti rí ọtí nínú ikùn Ládàánì. Ọkọ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín lójú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ti dùbúlẹ̀ tó ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà tí òyìnbó àgbàlagbà kan wá ṣe àyẹ̀wò afárá, tó sì yà kí Adétóyè nílé. Evelyn ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ó wà níbẹ̀. Òyìnbó náà rí ìgò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó dìde, ó mú un, ó ka ara rẹ̀, ó ní, "Níbo lo ti rí èyí? Wọn kò ṣe é mọ́!" Adétóyè bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Nígbà tó dé ibi àpótí, òyìnbó náà dá a dúró.

"O tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ní kí o tẹ́ ẹ? Wáìnì ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Wísíkì, ńṣe ló ń nàró. Bó bá ń kan kọ́ọ̀kì, á jẹ ẹ́, á sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Nínú ooru yìí? Nínú àpótí irin? Á máa jò díẹ̀díẹ̀, á máa bá atẹ́gùn lọ. Agbára rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ, ìyókù á dà bí omi." Ó gbọ́ òórùn ẹnu ìgò, ó mi orí. "Kò sẹ́ni tó mu èyí, ọ̀rẹ́ mi. Ooru ló mu ún."

Evelyn ní ọkọ òun ní kí òyìnbó náà tún un sọ. Ó tún un sọ. Adétóyè bá dìde, ó jáde láìwọ bàtà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ilé wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti hó. N kò kí i. Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú, ọwọ́ tó ti ku egungun.

"Sàláwù, èmi ni. Èmi ni mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ooru ló gbé e lọ. O ò mu ún."

Ọkọ mi yí ojú sí i. "Mo mọ̀ pé mi ò mu ún, Adétóyè. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó o sọ fún."

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo wọn á pé. Màá dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, màá sọ ọ́."

"Ó dáa," ni ọkọ mi wí. "Jímọ̀ dáa. Bóyá Lèmọ́mù á jẹ́ kí n pe ìrọ̀lẹ́."

Kò rí Jímọ̀. Ọjọ́bọ̀ ló kú, a sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó wá kò pọ̀, wọ́n sì yára ṣe àdúrà bí ẹni tó ní oko tó jìnnà láti lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Adétóyè wọ kóòtù dúdú, ó wá. Mo ti wọlé opó, n kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró sí fèrèsé. Wọ́n kírun tán, Lèmọ́mù fún un láyè, ó dúró níwájú gbogbo wọn. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bo ara rẹ̀ rárá. Ó sọ bí ọkọ mi ṣe kọ̀, bó ṣe fi àmánà mú un, bó ṣe tẹ́ ìgò náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sọ ti kọ́ọ̀kì, ó sọ ti ooru. Omijé ń bọ́ sórí táì rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo ba orúkọ ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Ọkùnrin yẹn ò fi ahọ́n kàn án!"

Ọkàn mi ga sókè. Mo di irin fèrèsé mú, mo ní, Ọlọ́run, ó ti tó àkókò.

Lèmọ́mù sún mọ́ Adétóyè, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ojú òun náà ti rọ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá Olúyẹmí. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹni tó bá bo àṣírí ọmọnìkejì ẹ̀, Ọlọ́run á bo tiẹ̀."

"Mi ò bo àṣírí o! Òótọ́ ni mo sọ!"

"A mọ̀, a mọ̀." Wọ́n ń fọwọ́ lù ú léjìká pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin kan ní, "Ọ̀rẹ́ nìyí o. Ọ̀rẹ́ tí a bá kú tí kò ní sọ̀rọ̀ ẹni láìdáa." Òmíràn ní, "Onígbàgbọ́ ló sì ṣe èyí!" Kọ́ọ̀kì tó ń di ìyẹ̀fun, ọtí tó ń bá atẹ́gùn lọ, ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Wọ́n gbà pé irọ́ rere ni, wọ́n sì fẹ́ràn Adétóyè nítorí rẹ̀. Mo ké, "Òótọ́ ni!" láti ojú fèrèsé. Àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi fà mí kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé Ọ̀fà.

Adétóyè kò jáwọ́. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ lójú ọjà, ó sọ ọ́ ní ibùdókọ̀ fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ tó ni wọ́n ń yìn ín tó. Ó wá bá mi lẹ́yìn tí mo jáde opó, ó jókòó, ó sunkún bí ọmọdé. "Ìyá Àbẹ̀ní, kí ni kí n tún ṣe?" N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ń lò ó nínú wáàsí báyìí, tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀rẹ́ ṣíṣe, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á sì dárúkọ ọkọ mi.

Ní 1969, àwọn ẹbí ọkùnrin kan láti Ìlemọnà wá tọrọ Àbẹ̀ní. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Àgbà inú wọn, ẹni tó ní ìrẹ̀lẹ̀, ló sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyá wa, a ti gbọ́ ohun tí bàbá ọmọ ṣe láyé wọn. Kò ba ọkàn wa jẹ́. Ọ̀rẹ́ wọn ti bò ó fún wọn, àwa náà á bá yín bò ó." Ọmọ mi fẹ́ràn ọkùnrin náà, ó sì ń gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ní kí Ọlọ́run bá mi san oore náà fún wọn.